Ìbú Ojú Kálàmù

Èmi ni mo fa ìlà náà.
N kì í ṣe ọba, n kì í ṣe adájọ́,
ayàwòrán ilẹ̀ ni mí nílé-iṣẹ́ omi Almendra,
ní àfonífojì Kalifóníà
níbi tí igi álímọ́ńdì ti ń mumi ju ènìyàn lọ.
Wọ́n ní kí n fà á kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun
kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún lè fọwọ́ sí i:
ẹni tó bá bọ́ sínú, omi wa ni yóò mu,
páìpù wa ni yóò kó ẹ̀gbin rẹ̀ lọ;
ẹni tó bá bọ́ sóde,
kí òun àti kàǹga rẹ̀ máa bá a yí.

Tàdáwà dúdú ni mo lò.
Mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú irin,
mo gba ẹ̀yìn ilé ìdìpọ̀ èso Kasparian,
mo yà kí ilé-ìwé lè wọlé,
mo yẹra fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìhà ìwọ̀-oòrùn,
torí omi mímu, a lè fipá tì í gòkè,
ṣùgbọ́n omi ìdọ̀tí, ìsàlẹ̀ ló mọ̀,
bí àgùntàn tó ń relé nírọ̀lẹ́.
Nígbà tí mo dé òpin Òpópónà Kẹsàn-án
ọwọ́ mi kò gbọ̀n.
Ó yẹ kó gbọ̀n.

Ìṣirò kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í bi mí.
Lórí máàpù yìí, íǹṣì kan dúró fún ẹgbẹ̀ta ẹsẹ̀ bàtà.
Ìbú ojú kálàmù mi, bí a bá gbé e sórí ilẹ̀,
ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ni.
Ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà lè gbé ilé kan mì.
Ó gbé ilé Eusebia Montejano mì,
tòun tààjà, tòun tigi ọsàn rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ó wá sípàdé pẹ̀lú ìgò kan lọ́wọ́.
Omi kàǹga rẹ̀ ni, ó pọ́n bí tíì tí a gbàgbé.
Ó gbé e síwájú alága, Verlin Tackett,
kò sọ pé kó mu ún.
Ó kàn béèrè pé,
“Inú ni mo wà, àbí òde?”
Gbogbo wọn yíjú sí mi.
Mo gbé awò lé máàpù, mo tẹ̀ ba,
mo wò ó títí ọrùn fi ń ro mí.
“Ìyá, abẹ́ ìlà lẹ wà.”
Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Ẹni da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù, bẹ́ẹ̀ la gbọ́.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń san owó orí níbí,
eruku ló ń tẹ̀.

Tackett fọwọ́ tì ìgò náà díẹ̀.
“Bí a bá ṣílẹ̀kùn fún un,” ó ní,
“ilé mẹ́rìnlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀,
ilé mẹ́rìnlá pẹ̀lú sókàwéè tó ti kún.
Ta ni yóò san owó páìpù?”
Kò purọ́. Ohun tó dùn mí nìyẹn.
Wọ́n sún ọ̀rọ̀ síwájú di oṣù tó ń bọ̀.

Láàárọ̀ mo lọ ra kálàmù tuntun,
èyí tó tín-ín-rín jù ní ṣọ́ọ̀bù,
ojú rẹ̀ bí irun ìpéǹpéjú.
Mo rò pé yóò tú mi sílẹ̀.
Mo gbé e lé òpin Òpópónà Kẹsàn-án,
ìgbà náà ló yé mi:
ìlà tó nípọn, èèyàn lè sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀,
àti ẹni tí a fà á lé lórí, àti ẹni tó fà á.
Èyí, àfi kó gba ẹ̀gbẹ́ kan ilé náà.

Ìgò rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì mi.
Iyanrìn ti sùn sísàlẹ̀,
òkè ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀.
N kò tíì tẹ kálàmù mọ́ ìwé.